Àjùmọ̀ní tàbí Àjùmọ̀lò? Àgbéyẹ̀wò Ìbéèrè Tí Àwọn Aṣèwádìí Ń Béèrè Nípa Ilẹ̀ àti Omi Abúlé

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ aṣèwádìí kan gbé àtẹ ìbéèrè kan fún mi pé kí n bá àwọn yẹ ìtumọ̀ rẹ̀ wò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Hausa ni wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí, wọ́n sì ti lò ó ní àwọn abúlé kan tí ó wà ní ẹ̀bá odò ní ìpínlẹ̀ Yobe kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ìbéèrè kẹrìnlá ni ó gba àkókò mi jù lọ. Ó béèrè pé ta ni ó ni igbó tí ó wà lẹ́yìn abúlé. Àyè ìdáhùn mẹ́rin ni wọ́n pèsè sílẹ̀: ẹnì kan, ìdílé kan, ìjọba, tàbí "kò ní olóhun". Àwọn abẹ́nà ìmọ̀ kò mú ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn wí ni "na kowa ne", èyí tí ó túmọ̀ sí pé ti gbogbo ènìyàn ni. Àwọn mìíràn wí pé "na Allah ne", ti Ọlọ́run ni. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń gba ìdáhùn sílẹ̀ wá àyè tí wọn yóò kọ ọ́ sí, wọn kò rí i, wọ́n sì fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ "kò ní olóhun". Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, igbó tí gbogbo abúlé ń jẹ nínú rẹ̀ ti di igbó tí ẹnikẹ́ni kò ní.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lè rò pé àṣìṣe kékeré ni. Ṣùgbọ́n ìwé ìwádìí kì í jókòó sí ojú kan. Ẹni tí ń wá ilẹ̀ fún oko ńlá tàbí fún ìsédò, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Bí ó bá rí i kà nínú rẹ̀ pé ilẹ̀ kan kò ní olóhun, kí ni yóò tún béèrè sí? Láti ìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà ní Nàìjíríà, ilẹ̀ tí kò sí orúkọ ẹnì kan pàtó lórí rẹ̀ kò ní alágbàwí púpọ̀. Àwọn aṣèwádìí máa ń to ìṣòro wọn sí ìparí ìwé: ọ̀nà kò dára, owó kò tó, òjò ń rọ̀, àwọn ènìyàn kò fẹ́ dáhùn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìṣòro tí ó jù wọ́n lọ ti wà nínú ọ̀rọ̀ tí a fi gbé ìbéèrè kalẹ̀ kí ọkọ̀ aṣèwádìí tó kúrò ní ìlú, àti pé àwa tí a ń kọ́ni ní èdè, tí a sì ń túmọ̀, ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ náà wá sí èdè Yorùbá. Pápá ìjẹko, igbó tí a ti ń ṣẹ́gi ìdáná, adágún omi, ilẹ̀ ìpakà: àwọn onímọ̀ ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n fi ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá ní kí á túmọ̀ gbólóhùn náà, ọ̀rọ̀ méjì ni yóò wá sí wa lẹ́nu: àjùmọ̀ní àti àjùmọ̀lò. Etí tí kò fara balẹ̀ yóò gbọ́ wọn bí ọ̀kan. Ohun àjùmọ̀ní ni èyí tí a jọ ní ẹ̀tọ́ sí lábẹ́ òfin tàbí àṣà, yálà a lò ó tàbí a kò lò ó. Ohun àjùmọ̀lò ni èyí tí a jọ ń lò, ẹni yòówù kí ó ni ín. Àjùmọ̀ní ni ilẹ̀ ẹbí jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, síbẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó mọ ibi tí òun ń dá oko sí nínú rẹ̀. Ẹ wá wo oko olóko lẹ́yìn òjò. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ènìyàn lè wọ inú rẹ̀ lọ ṣa ìgbín tàbí kí ó lọ tu olú, kí olóko má sì pè é ní olè. Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹnì kan. Ìgbín orí ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i. Aṣèwádìí tí ó bá béèrè ohun àjùmọ̀ní nìkan yóò kọ ilẹ̀ ẹbí sílẹ̀, kò ní í gbọ́ nípa ìgbín rárá.

Àìyà ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ yìí ti pẹ́. Nígbà tí Garrett Hardin kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ ní ọdún 1968 lórí bí pápá àjùmọ̀lò ṣe ń bàjẹ́, pápá tí ó ní lọ́kàn jẹ́ èyí tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tí kò sí ẹni tí ó lè dá ẹnikẹ́ni dúró nínú rẹ̀. Ìwé tí Elinor Ostrom tẹ̀ jáde ní ọdún 1990 fi hàn pé ọ̀pọ̀ ohun àjùmọ̀ní ní ìlànà, ó ní àwọn tí ń ṣọ́ ọ, ó sì ní ìjìyà fún ẹni tí ó bá rú u. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2009, díẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí. A kò ní í tún ìjà náà jà níbí. Ohun tí ó kàn wá ni pé ìlànà, ìṣọ́ àti ìjìyà jẹ́ ohun tí ènìyàn ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu sọ, ọ̀rọ̀ ẹnu sì ni aṣèwádìí kò ní àyè fún nínú àpótí ìdáhùn mẹ́rin.

Ìwádìí méjì láti ilẹ̀ Íńdíà ni yóò jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Ní ọdún 1986, N. S. Jodha tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Economic and Political Weekly. Abúlé tí ó lé ní 80 ni ó wò, ní ìpínlẹ̀ méje tí ilẹ̀ wọn gbẹ, tí òjò wọn kò pọ̀. Ó rí i pé láàrin àwọn tálákà, ohun tí ń ti inú igbó, pápá àti omi àjùmọ̀lò wá tó ìdá 14 sí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ń wọlé fún wọn. Ó tún rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti fi ìdá 31 sí ìdá 55 dín kù. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, láti oṣù kìíní sí oṣù kẹfà ọdún 1998, àjọ ìjọba tí ń ṣe ìwádìí oníṣirò níbẹ̀ nígbà náà, NSSO, rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Abúlé tí wọ́n dé lé ní 5,000, ilé tí wọ́n sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn tó nǹkan bí 79,000. Wọ́n ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ni ó jẹ́ ti àjùmọ̀ní, pé ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ilé abúlé ni ó ń kó nǹkan láti inú ohun àjùmọ̀lò, àti pé iye ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan ń kó ní ọdún kan, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ rupee 693. Ìyẹn kò ju nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ilé náà ń ná lọ.

Ìdá 3 ní ọwọ́ kan, ìdá 14 sí 23 ní ọwọ́ kejì. Olùṣèlú tí ó fẹ́ pín pápá ìjẹko fún àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ èyí tí yóò tọ́ka sí. Kí á má kánjú, nítorí apá kan wà nínú ìyàtọ̀ yìí tí kò ní àléébù. Àwọn tálákà ilẹ̀ gbígbẹ ni Jodha wò. NSSO wo olówó àti tálákà, ilẹ̀ tútù àti ilẹ̀ gbígbẹ. Owó tí ń wọlé ni Jodha fi wọn ọ̀rọ̀. Owó tí ń jáde ni àwọn yòókù fi wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ gbogbo èyí kúrò, nǹkan ṣì ṣẹ́kù. Nígbà tí NSSO ń wọn ilẹ̀, ohun tí òfin kọ sílẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé, ìyẹn ohun àjùmọ̀ní. Nígbà tí wọ́n ń ka ohun tí ènìyàn kó wálé, wọ́n tẹ̀ lé ìṣe ojoojúmọ́, ìyẹn ohun àjùmọ̀lò. Wọ́n sọ ọ́ gbangba nínú ìwé wọn, a sì gbọ́dọ̀ yìn wọ́n fún òtítọ́ yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ aṣèwádìí tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í sọ. Àwọn tí ń tọ́ka sí ìwé náà ni kò fara balẹ̀. Wọ́n ń fi ìdá 15 àti ìdá 3 sínú gbólóhùn kan ṣoṣo bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n wọ̀n.

Ẹ tún wo ẹni tí a bi léèrè àti ìgbà tí a bi í. Òṣìṣẹ́ NSSO ní láti béèrè ohun tí ilé kan kó wálé ní ọjọ́ 365 tí ó kọjá. Ìdajì ọdún tí ìwádìí fi wáyé parí bí òjò ńlá ilẹ̀ Íńdíà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ewé tí a já ní oṣù kẹjọ, ta ni yóò rántí ìwọ̀n rẹ̀ ní oṣù kẹta? Ẹni tí ó ṣẹ́ igi ìdáná títí ọdún fi yípo lè sọ iye ìdì tí ó ń gbé ní ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé iṣẹ́ ni. Èso igi tí ọmọdé ká jẹ lójú ọ̀nà, ẹja wẹ́wẹ́ méjì tí ó fi ọwọ́ mú nínú àbàtà, ewé tí ìyá já bọ ọbẹ̀ ní ìgbà tí ọ̀dá mú, kò sí ẹni tí ń wọ̀n ọ́n, kò sì sí ẹni tí ń pè é ní ohun tí ń wọlé. Jodha ní àǹfààní kan tí àjọ ńlá kò ní. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ICRISAT, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí abúlé ní ọdún 1975, tí àwọn olùgba-ìdáhùn sì ń gbé inú abúlé náà gan-an. Ẹni tí ń gbé abúlé kò ní láti béèrè bóyá ọmọ jẹ èso. Ó ń rí i.

A lè béèrè pé kí ni ti Íńdíà nínú ọ̀rọ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Obìnrin kan wà tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀ nínú iṣẹ́ ayé rẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn tí ń kọ́ni ní èdè mọ̀ ọ́n ju bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ. Polly Hill ṣe ìwádìí láàrin àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ghana, ó wá sí Batagarawa lẹ́bàá Katsina, ó ṣiṣẹ́ ní Dorayi lẹ́bàá Kano, ó sì lọ sí Karnataka ní gúúsù Íńdíà. Ìwé tí ó kọ ní ọdún 1986, Development Economics on Trial, jẹ́ ẹ̀sùn gbọọrọ tí ó fi kan àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé pé wọ́n ń gbẹ́kẹ̀ lé oǹkà tí àwọn tí ó kó o jọ fúnra wọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ohun tí ó rí ní ilẹ̀ Hausa ni ó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìpìlẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà "ilé" tí gbogbo àtẹ ìbéèrè fi ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ tí wọ́n ti gbéyàwó lè jọ máa ṣe oko kan nínú ètò tí Hausa ń pè ní gandu, síbẹ̀ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní oko tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí aya kọ̀ọ̀kan sì ní òwò tirẹ̀. Ilé mélòó ni èyí? Ìdáhùn tí olùgba-ìdáhùn bá kọ ni yóò pinnu bóyá wọ́n jẹ́ olówó tàbí tálákà nínú ìṣirò.

Ní ọdún 1969, Hill kọ àpilẹ̀kọ kan nípa òwò tí ó fara sin ní ilẹ̀ Hausa. Àwọn obìnrin tí wọ́n wà ní kulle, tí wọn kì í jáde ní ọ̀sán, ń ta ọkà àti oúnjẹ láti inú ilé wọn, àwọn ọmọdé ni wọ́n sì ń rán níṣẹ́ láàrin ilé sí ilé. Ẹni tí ó dúró sí ọjà kò lè rí òwò yìí. Ọkùnrin tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé pẹ̀lú ìwé ìbéèrè kò lè rí i bákan náà. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ohun àjùmọ̀lò jọ èyí gidigidi. Baálé ni aṣèwádìí ń bi léèrè. Àwọn tí ń wọ inú igbó ni obìnrin àgbà, ọmọdé, àti àwọn aláìní. Baálé yóò dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti òtítọ́ nípa ohun tí òun mọ̀, ohun tí òun kò mọ̀ yóò sì di òdo nínú àtẹ.

Síbẹ̀, n kò lè bá Hill dé ìparí ọ̀nà rẹ̀. Ìkórìíra oǹkà tí kò péye lè di ìkórìíra oǹkà, bẹ́ẹ̀ ní ibi tí a ti ń pín omi odò, ẹni tí kò bá ní oǹkà kì í ní ẹnu ọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn ilẹ̀ àbàtà Hadejia-Nguru ní àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà jẹ́ ibi tí omi ti ń kún ilẹ̀ ní ìgbà òjò, tí ó sì ń fà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àgbẹ̀ ń gbin nǹkan sí fadama bí omi ti ń fà, apẹja ń dẹ odò àti adágún, àwọn Fulani ń da màlúù wá síbẹ̀ nígbà tí koríko bá tán ní àríwá, àwọn obìnrin àti ọkùnrin sì ń gé kaba, ewé goriba tí a fi ń hun ẹní. Ìsédò Tiga, tí ó parí ní ọdún 1974, bẹ̀rẹ̀ sí í dá omi dúró ní òkè odò fún bíbomirin oko ní agbègbè Kano. Ní ojú ẹni tí ń ṣètò ìsédò, omi tí ó bá kọjá lọ sí ìsàlẹ̀ jẹ́ omi tí a kò lò. Ní ọdún 1991, Edward Barbier, W. M. Adams àti Kevin Kimmage ṣe ìṣirò ohun tí ilẹ̀ àkúnya omi náà ń mú jáde, wọ́n sì fi wé ohun tí oko tí a ń bomi rin ní Kano ń mú jáde. Bí a bá fi ìwọ̀n omi kan náà wọ̀n wọ́n, àǹfààní tí ó wà nínú ilẹ̀ àkúnya ju ti oko ìbomirin lọ fíìfíì.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n kà: irè oko, igi ìdáná, àti ẹja. Koríko tí màlúù ń jẹ kò sí nínú rẹ̀, kaba kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé wọn kò ní oǹkà tí wọ́n lè gbà lò. Oǹkà tí kò pé borí, bí a bá ti wò ó lórí ìwé. Nínú ayé gidi, ìsédò Challawa Gorge parí ní ọdún 1992, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ìṣirò náà jáde. Nítorí náà èmi kò sọ pé oǹkà ni yóò gba abúlé là. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ohun tí a yọ sílẹ̀ nínú ìṣirò yẹn ni àwọn ohun tí kò ní ọjà tí ó hàn sí gbangba tàbí tí àlejò ń lò. Bákan náà ni ó rí ní Íńdíà, bákan náà ni ó sì rí nínú àtẹ ìbéèrè tí wọ́n gbé fún mi.

Ọ̀rọ̀ àlejò yìí gba àròjinlẹ̀. Gbogbo àtẹ ìbéèrè abúlé ni ó gbà pé àwọn tí ń lo ilẹ̀ abúlé ń gbé abúlé. Darandaran tí ó máa ń dé ní oṣù kejì, tí ó sì ń lọ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kò sí nílé nígbà tí a ń ka ilé, tàbí kí ó wà níbẹ̀ kí ó má sì jẹ́ ará ilé kankan. Ọ̀nà tí ó ń gbà kọjá ní orúkọ ní èdè Hausa, burtali, gbogbo ará abúlé ni ó sì mọ̀ ọ́n. Pápá tí a fi sílẹ̀ lẹ́bàá ìlú fún ìjẹko náà ní orúkọ, hurumi. Ẹni tí ó túmọ̀ ìbéèrè kẹrìnlá kò lo ọ̀kankan nínú wọn. "Daji" ni ó lò, ọ̀rọ̀ tí Hausa fi ń pe igbó tàbí ijù tí a kò ro. Bí ẹnì kan bá bi àgbàlagbà Yorùbá pé ta ni ó ni ijù, kí ni ó lè wí ju pé ti Ọlọ́run ni lọ? Ṣùgbọ́n ẹni tí a bi léèrè nípa burtali yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni, nítorí pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ láàrin àgbẹ̀ tí ó ro oko wọ inú burtali àti darandaran tí ó da ẹran wọ inú oko.

Àṣìṣe kejì tí ó wà nínú ìdáhùn kì í ṣe ti olùtumọ̀. Ó jẹ́ ti ìwà ọmọlúàbí, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀. James Fairhead àti Melissa Leach ṣe ìwádìí ní Kissidougou ní orílẹ̀-èdè Gíní, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1996. Abúlé àwọn Kissi àti Kuranko níbẹ̀ wà nínú ọ̀dàn, igbó kìjikìji kékeré sì yí ọ̀pọ̀ nínú wọn ká. Láti ìgbà àwọn Faransé ni àwọn onímọ̀ ti ń kọ ọ́ pé igbó wọ̀nyí ni àjẹkù igbó ńlá tí àwọn ará abúlé ti pa run. Àwọn àgbà ní abúlé sọ ìtàn mìíràn: inú ọ̀dàn ni baba ńlá àwọn tẹ ibẹ̀ dó sí, ènìyàn ni ó sì mú kí igbó hù yí abúlé ká. Àwòrán tí a yà láti inú ọkọ̀ òfurufú ní ọdún 1952 àti ti sátẹ́láìtì tí a yà lẹ́yìn rẹ̀ gbè lẹ́yìn àwọn àgbà. Igbó ti pọ̀ sí i ní ọ̀pọ̀ ibi. Ohun tí ó jẹ́ kí èyí kàn wá ni pé nígbà tí òṣìṣẹ́ igbó tàbí àlejò láti ìlú bá dé pẹ̀lú ìbéèrè nípa bí igbó ṣe ń tán, àwọn ará abúlé kan náà lè gbà fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, igbó ń tán. Wọ́n mọ ohun tí àlejò fẹ́ gbọ́, wọ́n sì mọ̀ pé iṣẹ́ ìrànwọ́ ìjọba lè bá ìdáhùn rere dé. Ta ni yóò bá àlejò tí ó wá láti ọ̀nà jíjìn jiyàn ní ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀?

Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti gbé ìdáhùn rẹ̀ pamọ́ sínú ara rẹ̀. Olùkọ́ èdè tí ó bá ka "Báwo ni igbó yín ṣe ń dín kù?" yóò rí i kíá pé ìdín-kù ti di ohun tí a gbà tẹ́lẹ̀, pé kìkì bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ni ó ṣẹ́kù láti sọ. À ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti rí irú nǹkan báyìí nínú ìtàn àròsọ àti nínú ìwé ìròyìn. N kò mọ ìdí tí a kì í fi í kọ́ wọn láti rí i nínú àtẹ ìbéèrè, nígbà tí ó jẹ́ pé àtẹ ìbéèrè ni ìjọba ń kà.

Mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tí ó rán mi níṣẹ́ pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀-ìṣe rọ́pò ọ̀rọ̀-orúkọ nínú ìbéèrè kẹrìnlá. Ọ̀rọ̀-ìṣe "ní" ni ó ń da ọ̀rọ̀ rú. Kí wọ́n béèrè ohun tí ènìyàn ń ká, ohun tí ó ń gé, ohun tí ó ń pẹja nínú rẹ̀, ibi tí ó ń da ẹran sí, ẹni tí ó lè dá a dúró. Kí wọ́n béèrè ti àná kí wọ́n tó béèrè ti ọdún tí ó kọjá. Kí obìnrin béèrè lọ́wọ́ obìnrin, nínú ilé. Wọ́n dá mi lóhùn pé a ti ń tẹ ìwé náà lọ, pé owó kò sí mọ́, bóyá ní ìgbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin mi, tí Hausa jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, ń lọ sí ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà lọ kí ẹbí rẹ̀, ó sì gba ìbéèrè tuntun náà lọ́wọ́ mi.

Ó jókòó ti ìyá àgbà kan, ó pè é ní Inna, ó sì bi í pé kí ni ó mú wálé láti ẹ̀yìn abúlé ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Igi ìdáná ni ìyá náà kọ́kọ́ dárúkọ. Lẹ́yìn náà ó dárúkọ kaba tí òun ń fi hun ẹní, goriba tí àwọn ọmọ ń há jẹ, ewé tafasa tí wọ́n ń sè nígbà tí ọkà bá ṣọ̀wọ́n, àti ẹja tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń mú wá. Ó ń rántí, ó ń fi kún un, títí oúnjẹ alẹ́ fi jinná. Ìgbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ mi wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni láti ibikíbi lè wá gé kaba níbẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní àlejò gbọ́dọ̀ rí bulama kí ó tó gbé àdá, àti pé ní ọdún tí ewé kò bá dára, àwọn pàápàá kò ní í gé e. Nínú àtẹ ìbéèrè àkọ́kọ́, kò sí àyè tí a lè kọ bulama sí.